Páálí òkú: bí òkúta ṣe já Màámi kulẹ̀ nígbà tí iná lọ ní Ìjẹ̀bú-Igbó

Ní alẹ́ Sátidé kan nínú oṣù kẹrin, òjò àkọ́rọ̀ wọ Ìjẹ̀bú-Igbó pẹ̀lú ìjì. Igi máńgòrò kan tó ti dàgbà ju gbogbo ilé àdúgbò lọ wó lé wáyà iná, ó sì fa òpó méjì lulẹ̀. Tiransifọ́ọ̀mù dún gbàmù lẹ́ẹ̀kan, gbogbo ojúlé ṣókùnkùn. Ọjọ́ mẹ́sàn-án gbáko ni iná ò fi dé. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ilé ìyá wa láàárín ọjọ́ mẹ́sàn-án yẹn ni mò ń kọ sílẹ̀ yìí. Iṣẹ́ rédíò àti fóònù títúnṣe ni mò ń ṣe ní Ìjẹ̀bú-Òde, àwọn oníbàárà sì máa ń bi mí pé èwo ni kí àwọn rà sílé de ọjọ́ àìròtẹ́lẹ̀: òkúta tí a ń lò jù nù ni, àbí èyí tí a ń ṣáàjì? Kí ìjì yìí tó jà, ìdáhùn mi kì í ju gbólóhùn kan lọ. N kò lè dáhùn bẹ́ẹ̀ mọ́.

Òkúta ni mo ń pè é o. Ẹni tó bá dàgbà sílé tí rédíò wà mọ̀ pé òkúta rédíò, òkúta tọ́ọ̀ṣì, là ń sọ. Bátìrì ni ti mọ́tò. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí ló kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ sábẹ́ orúkọ kan.

Màámi ti lé ní àádọ́rin ọdún, òun nìkan ló sì ń gbé ilé. Ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá a fínra. Kì í fi oògùn rẹ̀ ṣeré, àràárọ̀ ló sì ń fi ẹ̀rọ yẹ ìfúnpá rẹ̀ wò, tó ń kọ nọ́ńbà rẹ̀ sínú ìwé kékeré tó ń mú lọ bá dókítà. Ó ní rédíò kan tí kì í pa: láti ìdájí ni OGBC, rédíò ìpínlẹ̀ Ògùn, ti ń sọ̀rọ̀ ní pálọ̀ rẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ wà nílé, àmọ́ láti oṣù karùn-ún 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, ọjọ́ tí àlejò bá wá nìkan là ń tan án. Ọwọ́ Màámi ò tilẹ̀ ká okùn rẹ̀ mọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Èkó ló gbé páálí kan wá ní ọdún méjì ṣáájú ìjì yìí. Nǹkan oníṣáàjì ló kún inú rẹ̀: láńtà ńlá kan, tọ́ọ̀ṣì kan tí wọ́n kọ 9900mAh (iye agbára tó lè gbà) sí òkúta rẹ̀ lára, òkúta kékeré mẹ́jọ tí wọ́n ń pè ní AA pẹ̀lú ṣájà wọn, àti pawabáǹkì kan. Èmi tí mo gbọ́n jù ú lọ lójú ara mi fi tọ́ọ̀ṣì onírin kan kún un. Mo ti ki òkúta ńlá méjì bọ̀ ọ́ nínú kí ó lè jẹ́ pé Màámi kàn máa tẹ̀ ẹ́ ni. A gbé páálí náà sórí wọ́dúróòbù, ó kù díẹ̀ kó kan sílìn. Ọkàn àwa méjèèjì balẹ̀.

Nígbà tí iná lọ lálẹ́ Sátidé yẹn, Màámi gun àpótí, ó sọ páálí kalẹ̀. Láńtà tàn pọ́nwẹ́pọ́nwẹ́ bí ẹyin iná tó ń kú lọ, ìṣẹ́jú kan ò pé tó fi ṣíwọ́. Tọ́ọ̀ṣì 9900 ní tiẹ̀ tàn yanran bí iná mọ́tò. Ó ní inú òun dùn, ó fi ti fèrèsé, ó fi gbá omi tó wọlé, ni ó bá kú mọ́ ọn lọ́wọ́ kí omi tó tán nílẹ̀. Ó gbé tọ́ọ̀ṣì onírin tèmi. Kò tàn. Ó fẹ́ yí ìdérí rẹ̀, ìdérí ò yí.

Ó sùn nínú òkùnkùn. Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, ó fẹ́ yẹ ìfúnpá rẹ̀ wò, ẹ̀rọ ní òkúta òun ti lọ sílẹ̀. Ó mú AA mẹ́rin nínú mẹ́jọ tí ẹ̀gbọ́n mi rà, ó kì wọ́n sí i. Ẹ̀rọ tàn, ó fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú ìgbànú apá títí dé ìdajì, ó sì kú. Ìgbà yẹn ló pè mí.

“Ìwọ àti ẹ̀gbọ́n ẹ, páálí òkú lẹ gbé fún mi.”

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní kí ó ṣe sùúrù, pé láàárín ọjọ́ méjì wọn á ti tún òpó gbé nàró. Ó dùn mí pé mo rẹ́rìn-ín.

Ohun kan ṣoṣo ló ń ṣiṣẹ́ nínú ilé náà láti alẹ́ àkọ́kọ́ dé ọjọ́ kẹsàn-án: rédíò. Òkúta ńlá méjì ló ń jẹ, irú èyí tó wọ́pọ̀ jù lọ tí à ń rà lẹ́nu ọ̀nà, Màámi sì máa ń pààrọ̀ rẹ̀ ní bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mẹ́ta. Èyí tó wà nínú rẹ̀ kò tíì lò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ. Nígbà tí mo wá ronú kàn án, ọ̀rọ̀ ọ̀hún yà mí lẹ́nu: àwọn nǹkan tí a rà tìtorí ọjọ́ burúkú ló kú pátá, èyí tí ẹnikẹ́ni ò kà sí ìpèsè ló wà láàyè. Màámi tilẹ̀ sọ pé òun ìbá ti yọ òkúta rédíò sínú tọ́ọ̀ṣì mi bí ìdérí rẹ̀ bá ṣí. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ká ní n kò ki òkúta bọ inú tọ́ọ̀ṣì yẹn rárá, ìyá mi ìbá níná.

Lọ́jọ́ kejì, ó sá òkúta àtijọ́ kan sóòrùn ní ẹ̀yìnkùlé, bí a ti máa ń ṣe nígbà tí mo wà ní kékeré. Oòrùn a máa ta wọ́n jí díẹ̀ lóòótọ́, nítorí pé ooru ń mú ohun tó kù nínú wọn ṣiṣẹ́ kíákíá, àmọ́ bí ẹní fún kànrìnkàn tó ti gbẹ ni. Kò ju bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ.

Alẹ́ ọjọ́ kẹrin ni ọ̀rọ̀ bà jẹ́. Ó ń lọ sí ṣáláńgá ẹ̀yìnkùlé, iná fóònù ló fi ń ríran, fóònù sì ti kù sí 6%. Fóònù kú nígbà tó dé orí àtẹ̀gùn. Àtẹ̀gùn mẹ́ta péré ni. Ó tẹ òfìfo, ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ rọ́. Ìyá Ìbejì tó wà ní ojúlé kejì ló gbọ́ igbe rẹ̀, tó gbé àtùpà elépo wá. Ẹsẹ̀ ò dá, ọpẹ́lọpẹ́ Ọlọ́run, ṣùgbọ́n ó wú bí búrẹ́dì. Láàárọ̀ ọjọ́ karùn-ún ni mo wọkọ̀ láti Ìjẹ̀bú-Òde, mo gbé mítà tí mo fi ń wọn òkúta àti àpò irinṣẹ́ mi dání. Ojú ń tì mí.

Mo jókòó sí fàráńdà, mo tú páálí náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Màámi nà ẹsẹ̀ rẹ̀ sórí àpótí, ó ń wò mí.

Tọ́ọ̀ṣì tèmi ni mo kọ́kọ́ gbé. Púláyà ni mo fi ṣí ìdérí rẹ̀. Omi pupa rúsúrúsú kan kọ́kọ́ sun jáde, ìyẹ̀fun funfun tẹ̀ lé e. Òkúta méjèèjì ti wú mọ́ ara irin débi pé mo ní láti fi òòlù gbá ìdí tọ́ọ̀ṣì kí wọ́n tó jáde. Ara ọ̀kan ti lu bí ewé tí kòkòrò jẹ. Irú òkúta olówó pọ́ọ́kú yìí, páànù síńkì tó yí i ká kì í ṣe aṣọ lásán. Òun gan-an ni oúnjẹ iná. Bí òkúta bá ṣe ń ṣiṣẹ́ ni páànù rẹ̀ ń tán lọ, kódà bí a kò bá lò ó, ó ń jẹ ara rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí páànù bá lu, oje rẹ̀ á tú sínú ohun tí a fi í sí. (Ẹ̀tù dúdú inú rẹ̀ lèmi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ mi máa ń gún mọ́ ewé àti èédú ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ láti fi kun bọ́ọ̀dù. Ẹnikẹ́ni ò sọ fún wa nígbà náà pé kí a má fi ọwọ́ lásán kó o.) Ọdún méjì ni mo fi òkúta yẹn sínú irin, lókè wọ́dúróòbù, lábẹ́ páànù ilé tí oòrùn ń yan lójoojúmọ́. Ooru ń sáré pa òkúta. Èmi tí mò ń gba owó lọ́wọ́ àwọn èèyàn láti tún nǹkan ṣe ló ṣe báyìí!

Láńtà ni mo tú tẹ̀ lé e. Bátìrì olójé tí wọ́n dí pa ló wà nínú rẹ̀, ó yẹ kó jẹ́ fólítì 4, mítà mi kà á sí 1.3. Irú bátìrì yìí kò gbọdọ̀ wà lófìfo. Bí agbára inú rẹ̀ bá tán tí a sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, nǹkan kan á dì mọ́ àwo òjé inú rẹ̀ bí èèpá, kò sì ní gba ṣáàjì mọ́. Ó yẹ kí a máa ṣáàjì rẹ̀ kún ní bí oṣù mẹ́ta mẹ́ta, yálà a lò ó tàbí a kò lò ó. Lẹ́ẹ̀kan péré ni wọ́n ṣáàjì rẹ̀, lọ́jọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi gbé e dé. Mo tan jẹnẹrétọ̀, mo kì í mọ́ iná títí di ọ̀sán. Kò gba nǹkan kan.

Ti 9900 yẹn, irọ́ ni. Òkúta lithium (irú oníṣáàjì bíi ti inú fóònù) gbọọrọ náà tí wọ́n ń pè ní 18650, èyí tó dára jù lọ nínú àwọn tó wọ́pọ̀ kò ju bí 3,500mAh lọ. Bí ẹ bá rí èyí tí wọ́n kọ 9900 sí lára, ẹni tó kọ ọ́ mọ̀ pé ẹ ò ní mítà. Mo wọ̀n ọ́n nígbà tí mo padà dé ṣọ́ọ̀bù. Kò pé 900. Síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó tọ́ sí i: lẹ́yìn ọdún méjì lórí wọ́dúróòbù, díẹ̀ tó ní náà ṣì wà nínú rẹ̀. Agbára inú lithium kì í tètè jò dànù. Kódà òun kì í fẹ́ kún fọ́fọ́ bí a bá máa tọ́jú rẹ̀ pẹ́, ìdajì ló dùn mọ́ ọn, òdì kejì bátìrì olójé gan-an.

Pawabáǹkì ló bí mi nínú jù. Iná méjì nínú mẹ́rin ṣì ń tàn lára rẹ̀. Agbára wà nínú rẹ̀ tí ìbá ṣáàjì fóònù Màámi, tí ẹsẹ̀ ò fi ní rọ́. Wáyà tó bá a wá kò wọ ẹnu fóònù rẹ̀, ti àtijọ́ ni wáyà, fóònù sì jẹ́ ti tuntun. Màámi ti dán an wò lẹ́ẹ̀mejì, ó sì gbé e sílẹ̀. Ó rò pé ó ti bà jẹ́ bíi ti àwọn yòókù.

Ó wá ku àwọn AA mẹ́jọ. NiMH ni wọ́n, irú òkúta oníṣáàjì kan, ti àtijọ́ sì ni. Irú yìí a máa jò nílẹ̀ láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án, láàárín oṣù díẹ̀ ó ti ṣófo. Mo kì wọ́n sí ṣájà láti ara jẹnẹrétọ̀, nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́, méje nínú mẹ́jọ ti jí dìde. Wọn ò kú rárá, ebi ló ń pa wọ́n. Mo kó mẹ́rin sínú ẹ̀rọ ìfúnpá, ó ṣiṣẹ́, ó kà á láìṣe àṣìṣe, ṣùgbọ́n àmì òkúta tó ń tán ń ṣẹ́jú lójú ẹ̀rọ. Kò ṣàjèjì sí mi: òkúta tí à ń lò jù nù jẹ́ fólítì 1.5, NiMH jẹ́ 1.2. Mẹ́rin ti àkọ́kọ́ jẹ́ 6, mẹ́rin ti èkejì jẹ́ 4.8. Ẹ̀rọ rò pé òkúta ti gbó. Mo ṣàlàyé fún Màámi. Ó wo àmì náà, ó wò mí.

“Bó bá ń sọ pé òun ń kú, báwo ni màá ṣe gba nọ́ńbà tó bá kà fún mi gbọ́?”

N kò rí èsì fún un. Ọ̀rọ̀ yẹn ló sì yanjú ti ẹ̀rọ ìfúnpá lójú mi ju ìṣirò kankan lọ: òkúta alkaline, irú alágbára tí a ń lò jù nù, ló máa jẹ, kò sí àríyànjiyàn. Nǹkan tí arúgbó fi ń mọ bí ara òun ṣe rí kò gbọdọ̀ máa purọ́ nípa ara tirẹ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi sọ̀rọ̀ lórí fóònù fún wákàtí kan. Mo ní, “Bùọ̀dá mi, ẹ wò ó, gbogbo nǹkan oníṣáàjì tí ẹ rà ló kú.” Ó ní ṣé tọ́ọ̀ṣì tèmi ló wá ń tàn ni? Ó ní ọmọ tó wà nítòsí ló yẹ kó máa lọ ṣáàjì wọn lóṣooṣù, òun tí òun wà l'Ékòó ò lè ṣe é. Òótọ́ ni. Mo ní owó tí ó ná lórí páálí yẹn ìbá ra òkúta alkaline tí Màámi máa lò fún ọdún mẹ́wàá. Òótọ́ nìyẹn náà. A dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó wá bi mí pé kí ni Màámi ń lò lójoojúmọ́, kí ni kì í lò àfi bí iná bá lọ? Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í lójútùú.

Ẹ bá wa ṣírò rẹ̀. Rédíò ń jẹ òkúta méjì ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, bí márùndínlógójì lọ́dún kan. Nǹkan tó ń jẹun tó báyìí ni owó oníṣáàjì máa ń wọlé lórí rẹ̀, kí ọdún tó yí po a ti rí èrè. Tọ́ọ̀ṣì tó ń dúró de òkùnkùn kì í jẹ ju mẹ́rin lọ lọ́dún. Lórí ìyẹn, oníṣáàjì kò ní mú owó ara rẹ̀ padà wálé láéláé, yóò sì máa jò nígbà tó ń dúró. Ẹ̀gbọ́n mi àti èmi ti ń jà lórí èwo ló dára jù, láìbéèrè ohun tí òkúta náà máa máa ṣe láàárín ìgbà tí iná bá lọ àti ìgbà tó tún máa lọ. Òkúta tó ń ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́ kò ṣeé gbàgbé. Èyí tó ń dúró ni a máa ń gbàgbé, nítorí náà èyí tó lè fara da ìgbàgbé ló yẹ níbẹ̀.

Ohun tí a ṣe rèé. Rédíò di ti oníṣáàjì. Àwọn AA ti àtijọ́ la fi bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà mo ra mẹ́jọ irú èyí tí kì í tètè jò. Ní 2005 ni ilé-iṣẹ́ Sanyo ní Japan kọ́kọ́ gbé irú rẹ̀ jáde, Eneloop ni wọ́n pè é, wọ́n sì ní lẹ́yìn ọdún kan nílẹ̀, bí 85% ṣì máa wà nínú rẹ̀. Ó wọ́n o. Ẹnu òkúta ńlá ni ẹnu rédíò, ṣùgbọ́n àgbá róbà kan wà tí a ń ki AA bọ̀ tó fi máa tóbi bí òkúta ńlá. Kì í pẹ́ bí òkúta ńlá gidi, ó ń gbó ní bí ọ̀sẹ̀ kan. Màámi ń pààrọ̀ rẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ Àìkú kí ó tó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó ń kó èyí tó gbó sínú ṣájà nígbàkúgbà tí iná bá dé. Báyìí, ìgbàkígbà tí iná bá lọ, òkúta mẹ́fà wà nílẹ̀ tí wọn ò tíì ju ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lọ tí wọ́n ti kún, láìsí pé ẹnikẹ́ni ń rántí wọn nítorí ìjì.

Mo ju tọ́ọ̀ṣì onírin nù. Mo ra kékeré tó ń jẹ AA méjì. Mo mọ̀ọ́mọ̀ yan AA: rédíò, tọ́ọ̀ṣì, ẹ̀rọ ìfúnpá, òkúta kan náà ni gbogbo wọn ń jẹ báyìí, Màámi lè yọ ti ọ̀kan fún èkejì nínú òkùnkùn láìwo ìwọ̀n. Ó kàn ní láti má da tuntun pọ̀ mọ́ àtijọ́, tàbí oníṣáàjì pọ̀ mọ́ alkaline nínú ẹ̀rọ kan náà, torí èyí tó lágbára á máa ti èyí tó rẹ̀ débi tí yóò fi tú oje.

Alkaline méjìlá ni a tọ́jú fún òkùnkùn. Wọ́n ṣì wà nínú páálí wọn, wọn kò sí nínú tọ́ọ̀ṣì, nítorí pé alkaline náà a máa tú oje bó bá pẹ́ jù nínú ẹ̀rọ. (Oje tirẹ̀ yàtọ̀ o, ó dà bí omi eérú tí a fi ń ṣe ọṣẹ. Omi ọsàn wẹ́wẹ́ lórí òwú ni mo fi ń nù ún ní ṣọ́ọ̀bù, ọ̀rá ni mo sì ń fi bo ọwọ́.) Ọdún tí wọ́n máa gbó wà lára wọn, ó tó ọdún méje sí àkókò yìí. Kí n tó rà wọ́n, mo gbé wọn lọ́wọ́: AA alkaline gidi máa ń tó bíi gíráàmù 23, ayédèrú tí wọ́n fi páànù síńkì ṣe máa ń fúyẹ́. Mo tún já ọ̀kan sílẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì láti gíga bí ìka, ìdí rẹ̀ ló kọ́kọ́ kanlẹ̀. Alkaline tuntun á jókòó púkú, torí pé inú rẹ̀ rọ̀ bí ẹ̀kọ. Èyí tí wọ́n ti lò, inú rẹ̀ ti le, á ta sókè. Kò lè sọ iye tó kù fún yín, àmọ́ á sọ bóyá ẹnìkan ti lò ó rí kí wọ́n tó tà á fún yín bíi tuntun. Ẹni tó ń tà á bínú sí mi.

Páálí ti kúrò lórí wọ́dúróòbù. Ìsàlẹ̀ kọ́bọ́ọ̀dù ló wà, níbi tí sìmẹ́ńtì ti tutù. Bátìrì láńtà, mo gbé e fún àwọn tó ń ra òjé àlòkù. A kì í sun ún, a kì í jù ú sí ààtàn tí adìyẹ ń jẹ̀. Wáyà pawabáǹkì, mo ra èyí tó wọ fóònù, mo sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara pawabáǹkì pẹ̀lú sẹ́lótéèpù.

Nínú oṣù keje, iná tún lọ fún ọjọ́ mẹ́rin. Rédíò kò dákẹ́. Fóònù kò kú. Màámi yẹ ìfúnpá rẹ̀ wò ní gbogbo àárọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó kọ ọ́ sínú ìwé. Ṣùgbọ́n nígbà tó lọ mú alkaline fún tọ́ọ̀ṣì, mẹ́rin péré ló bá nínú méjìlá. Àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti wá láti Èkó nígbà Iléyá, wọ́n fẹ́ lọ wo Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde, èyí àbíkẹ́yìn sì mú mọ́tò ìṣeré kan tó ń kọrin dání. Ó jẹ òkúta mẹ́jọ tán láàárín ọjọ́ mẹ́ta, kò sì sẹ́ni tó bi í níbi tó ti rí wọn.

Màámi ò bá ọmọ wí. Ó ra mẹ́jọ mìíràn fúnra rẹ̀, ó já ọ̀kan sílẹ̀ lójú ẹni tó ń tà á. Inú àpótí aṣọ òkè rẹ̀ ló kó wọn sí báyìí, ó sì tì í pa. Ó so kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ mọ́ okùn tọ́ọ̀ṣì.